Ààyè Tó Ṣófo Lórí Pẹpẹ Bàbá

Iṣẹ́ ló gbé mi dé ilé náà. Obìnrin kan tí mo bá kan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ní Òkè-Ìlèwó l'Abẹ́òkúta ló fún Bàbá ní nọ́ńbà mi. Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni, ààwẹ̀ kù bí ọjọ́ mẹ́wàá kó parí. Bàbá pè mí láàárọ̀ kùtù, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán. "Ìwọ ni káfíńtà? Ikán ti wọlé mi o. Bóo bá lè wá lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la."

Ẹ̀yìn Sàpọ́n nilé náà wà, níbi tí mọ́tò kò lè dé, àfi kéèyàn fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n bíi ti gbogbo ilé tó wà lábẹ́ Olúmọ. Mo rò pé yàrá ìbùsùn ni ikán wọ̀. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí yàrá kan lápá ọ̀tún, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tèmi ti àpò irinṣẹ́ mi léjìká. Ìwé ìròyìn ni, láti ilẹ̀ títí dé àjà. Àwòrán wà lára ògiri. Rédíò kan wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ẹni bo ọmọ tuntun. Pátákó onígi kan fara ti ògiri, ihò ìṣó wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ kò lóǹkà.

"June 12 nìyí," ni Bàbá wí, bí ẹni ń fi ará ilé rẹ̀ hàn mí.

Bàbá ta ìwé ìròyìn ní Sàpọ́n fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Pátákó yẹn ló máa ń to ọjà rẹ̀ lé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìbò ààrẹ 12 oṣù Kẹfà 1993 bẹ̀rẹ̀, ó pinnu pé ìwé ìròyìn yòówù tó bá kan ọ̀rọ̀ náà, òun ò ní tà á tán, òun á yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀. Ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ló di odidi yàrá. Kò sí pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí owó ìwọlé. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní yàrá June 12. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí oṣù Kẹfà bá ń bọ̀ tí tíṣà fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá.

Èmi náà ti ń gbọ́ June 12 láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́dún yẹn. Ohun tó kù sí mi lórí kò ju èéfín taya àti bí bàbá mi ṣe pa rédíò lójijì, tó ní ká lọ sùn. Nígbà tí mo dàgbà, ó di ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré MKO Abiola kọjá ní Kútọ̀, mi ò sì dúró ronú kan orúkọ tó wà lára rẹ̀ rí.

Ikán náà ti ṣọṣẹ́. Wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, wọ́n gun ẹsẹ̀ pẹpẹ, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ ọ̀nà wọn sára ògiri bí okùn. Mo fi orí ìṣó gún pákó ìsàlẹ̀, ó wọlé bí ìgbà téèyàn fi ìka bọ láfún. Funfun igi ni wọ́n tà fún Bàbá lọ́jọ́sí, kò ní ọkàn igi nínú rárá. Mo sọ fún un pé ọkàn ìrókò la máa lò, pé a ó fi oògùn ikán kùn ún, a ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé bíríkì, a ò sì ní jẹ́ kó fara kan ògiri. Ó béèrè iye rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á máa san án díẹ̀díẹ̀. Mo gbà.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi kó ìwé jáde kí n tó lè fọwọ́ kan pákó. Mo fẹ́ kó wọn ní àpapọ̀ bí mo ṣe máa ń kó pláìwúdù, Bàbá sì di ọwọ́ mi mú. Ó fi bí wọ́n ṣe ń gbé e hàn mí: àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n gbé ìkókó kúrò nínú omi ìwẹ̀. Etí àwọn ìwé náà ti pọ́n bí omi tíì, bó o bá fà á díẹ̀ báyìí, á rún. Inú ọ̀rá ni kálukú wọn wà pẹ̀lú káfúrà. Èyí tó bá rún bọ́ sílẹ̀, Bàbá á fi ìka tó ti fi itọ́ tọ́ ṣà á, á dà á padà sínú ọ̀rá tó ti jáde. Mo ní, "Bàbá, kò sí ohun téèyàn lè kà lára ìyẹn mọ́ kẹ̀." Ó ní, "Ara rẹ̀ náà ni."

Bí a ṣe ń kó o náà ló ń sọ ọ́ fún mi. Kò sọ ọ́ bíi tíṣà. Bí ìwé kan bá dé ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ah, ìwọ nìyí," á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìtàn orúkọ Abiola, ẹni tó borí nínú ìbò náà, ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Gbogbo Ẹ̀gbá ló mọ̀ pé ọmọ wa ni, pé 24 oṣù Kẹjọ 1937 ni wọ́n bí i níbí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òun lọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, àti pé òun làkọ́kọ́ tó yè nínú wọn. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí rẹ̀ láti fún un lórúkọ gidi. Wọ́n ní Kashimawo: ká ṣì máa wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dé kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Moshood. Ìyàwó mi ti fi ojú sunkún ọmọ méjì kí èyí tó wà lọ́wọ́ wa tó dúró, nítorí náà mo mọ bí ẹnu ṣe máa ń wúwo lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bàbá fi àwòrán kan hàn mí, ó ní láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kashimawo ti ń ṣẹ́gi tà láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Èmi tí igi ń bọ́, mo wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́.

Sátidé ni 12 oṣù Kẹfà 1993 bọ́ sí. Ẹṣin ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú SDP tí Abiola fi díje, idì ni ti NRC tí Bashir Tofa fi díje. Mùsùlùmí ni Abiola, Mùsùlùmí náà ni Babagana Kingibe tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì tò, wọ́n tẹ̀ka fún wọn. Bàbá ti gé èsì ìbò náà kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí: 8,341,309 fún Abiola, 5,952,087 fún Tofa. Ó fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ Kánò, nítorí pé Kánò ni Tofa ti wá, Abiola sì borí níbẹ̀. Mo ti gbọ́ pé "Abiola ló wọlé" ní ìgbà tí kò lóǹkà, mi ò tíì rí iye rẹ̀ rí. Mo rò ó pé ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́jọ yẹn dìde nílé lọ́jọ́ Sátidé, ó pa iṣẹ́ tì, ó lọ tò.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, 23 oṣù Kẹfà, ìjọba ológun Babangida fagi lé e. Wọ́n fi ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù sọ fún ayé. Ó yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń kan ilẹ̀kùn, n kì í gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà láìbuwọ́ lu rìsíìtì.

Bàbá kò fi àyè gbà mí láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ìgbà tí mo ní àwọn Hausa ló ṣe wá báyìí, ó yọ ìwé mẹ́ta jáde, ó tẹ́ wọn síwájú mi. Ernest Shonekan tó gba ipò olórí ìjọba fìdíhẹ lẹ́yìn tí Babangida kúrò ní 26 oṣù Kẹjọ, Ẹ̀gbá ni. Olusegun Obasanjo tó sọ pé Abiola kì í ṣe olùgbàlà tí Nàìjíríà ń retí, Ẹ̀gbá ni, ilé ìwé Baptist Boys' High School kan náà lòun àti Abiola lọ níbí. Beko Ransome-Kuti tó darí ẹgbẹ́ Campaign for Democracy, tó ní kí èèyàn jáde sójú títì, tí wọ́n sì sọ sẹ́wọ̀n lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, Ẹ̀gbá náà ni. "Abẹ́òkúta kan náà ló bí gbogbo wọn," ni Bàbá wí, ó sì tò wọ́n padà sójú kan.

Rédíò tó wà lábẹ́ aṣọ funfun yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Sani Abacha gbàjọba ní 17 oṣù Kọkànlá 1993. Ní 11 oṣù Kẹfà 1994, Abiola kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ ní Ẹpẹ́tẹ̀dó l'Ékòó, ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996 ni wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀, Kudirat, nínú mọ́tò l'Ékòó, nítorí pé kò yé ké pé kí wọ́n dá ọkọ òun sílẹ̀. Àwọn tó sá lọ sókè òkun ń ṣe ètò rédíò kan, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́, Rédíò Kudirat. Orí rédíò yẹn ni Bàbá ti ń gbọ́ ọ. Ó ní òun á fi aṣọ ìbora bo orí àti rédíò pọ̀ lóru, òun á máa yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ohùn á fi wọlé. Òkúta rédíò wọ́n nígbà náà, ọ̀sán ni òun ń sá a sóòrùn kó lè tún lágbára díẹ̀.

Ó tún fi bó ṣe ń ta Tempo hàn mí. Ìjọba ti fòfin de ìwé ìròyìn TheNews ní 1993, àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ sì dá Tempo sílẹ̀, ibi ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá mú ìwé ìròyìn eré bọ́ọ̀lù kan, ó ká Tempo sí méjì, ó ki í bọ inú rẹ̀, ó na án sí mi. Lójú mi, bọ́ọ̀lù lásán ni. Ọwọ́ àgbàlagbà náà yára bí ẹni pé àná ló ṣe é kẹ́yìn. Ó ní àwọn oníbàárà kì í dárúkọ rẹ̀, wọ́n á kàn ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ti ọmọ yín." Bí ọlọ́pàá bá mú fẹ́ńdọ̀, wọ́n á kó ọjà rẹ̀, wọ́n á ti òun náà mọ́lé. Ní 1995, wọ́n rán Kunle Ajibade, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú TheNews, lẹ́wọ̀n.

Abacha kú ní 8 oṣù Kẹfà 1998. Gbogbo wa rò pé wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún Abiola. 7 oṣù Keje ló kú sí àtìmọ́lé l'Ábújá, níbi tí àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ti wá bá a sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣègùn ní ọkàn ló pa á. Bàbá kò sọ nǹkan kan sí i, ó kàn kó ọ̀rá yẹn kọjá.

Ìdí tí pẹpẹ fi kún àkúnya lọ́dún náà ni pé ìwé ìròyìn tuntun tún wọlé. Ní oṣù Kejì 2025, Babangida fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ pé Abiola ló borí. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Bàbá ra gbogbo ìwé ìròyìn tó gbé e lọ́jọ́ náà. Mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò nílò kó sọ fún mi. Àmọ́ àwọn ọmọ iléèwé nílò rẹ̀, ìdí tí mo fi rà á nìyẹn."

Nígbà tí mo fẹ́ wọn pẹpẹ tuntun, mo rí i pé ààyè méjì ṣófo lórí ti àtijọ́. Ọ̀kan gùn tó apá mi, èkejì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bébà kékeré wà lára pákó níbẹ̀, Bàbá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí i: "Wọ́n tì í." Oṣù Keje 1993 ni ti àkọ́kọ́, tí ìjọba ti ilé ìwé ìròyìn Concord tó jẹ́ ti Abiola fúnra rẹ̀ pa, tó sì ti Punch àti Sketch náà. Ti 1994 lèkejì, wọ́n tún ti Concord àti Punch, nígbà tó di oṣù Kẹjọ wọ́n ti Guardian, ó sì lé ní ọdún kan kó tó ṣí.

Mo tẹ́ tépù, mo ṣírò rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, bí a bá kó àwọn ìwé 2025 síbí, ẹ ò ní san owó ìpele kan. Ààyè yìí ò ṣe nǹkan kan."

Ó wò mí. Inú kò bí i, àmọ́ ó wò mí pẹ́. "Bóo bá dí i, ọmọ tó bá wọlé wá á rò pé ìwé ìròyìn ń jáde nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ní ìdí iṣẹ́ tiwa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni bí wọ́n ṣe ń dí àlàfo. Bí pákó méjì kò bá pàdé, a ó po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gúlù, a ó fi dí i, a ó fi sáńpépà fá a, a ó kun ún. Oníbàárà kò ní mọ̀ láéláé. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ wa: èyí tí a kò mọ̀, a ó po nǹkan mọ́ nǹkan, a ó fi dí i. Mo kan ìpele náà bí Bàbá ṣe fẹ́, ààyè tó ṣófo tó ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni mo rí ìwé kékeré kan lábẹ́ rédíò, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń kọ̀wé níléèwé. Bàbá kọ sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Àwọn Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìròyìn." Orúkọ ló wà nínú rẹ̀, bí ogún. Àwọn ará Abẹ́òkúta àti agbègbè rẹ̀ tí June 12 pa tí ẹnikẹ́ni kò gbé jáde. Ó kọ ibi tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ wọn, ẹni tó sọ ọ́ fún òun. Ibì kan wà tó jẹ́ "ọmọ ìyá eléwé, Ìtòkò" nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Èkó ni wọ́n kú sí, ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, 5 oṣù Keje 1993, nígbà tí èèyàn jáde sí títì, tí sójà sì yìnbọn. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn ní àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún.

Mo ka "Mùṣín" lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sórí pákó.

Bàbá mi ní àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì l'Ékòó. Bọ̀dá Mùṣín làwa ọmọdé ń pè é. Búrẹ́dì Àgége ni ọwọ́ rẹ̀ kì í wọ́n, á gbé mi sí èjìká láti ìdí ọkọ̀ títí délé. Ó wá bá wa ṣe Iléyá ọdún yẹn, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìbò, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, a ò sì rí i mọ́. Mo béèrè rẹ̀, wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Mo tún béèrè, ìyá àgbà bú sẹ́kún, bàbá mi sì fi ojú sọ̀rọ̀ sí mi pé mi ò gbọdọ̀ dán an wò mọ́. Mi ò dán an wò mọ́. Bàbá mi kú ní 2009, ọ̀rọ̀ náà sì bá a lọ. Lójúmọ́ kan ṣoṣo, mi ò so Bọ̀dá Mùṣín pọ̀ mọ́ June 12 rí.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Ó mú báírò. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó gbé mi sí èjìká, mi ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Mo kí i, mo béèrè ọjà, mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó sì mọ̀. "Àkànní, kí ló dé?" Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ Bọ̀dá Mùṣín?" Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń dúnàádúrà aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ní kí onítọ̀hún máa bọ̀ lọ́la. Lẹ́yìn náà ló pè é, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá rẹ̀, oríkì rẹ̀. Àlàbí ni oríkì rẹ̀. Mi ò ní kọ ìyókù síbí, inú ìwé Bàbá ló wà. Ó ní bàbá mi lọ sí Èkó, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá, ó wọ gbogbo ilé ìwòsàn tó mọ̀, ó sì padà wálé lásán. "A ò rí i sin, Àkànní. Kò sí ibojì tí mo lè fọwọ́ kàn."

Bàbá kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dúró ṣinṣin. Ó dé ibi ọjọ́ ikú. Mo ní kó kọ 5 oṣù Keje, nítorí Mọ́ńdè yẹn ni wọ́n rí i kẹ́yìn tó jáde nílé.

"Ṣé ẹnì kan rí i tó kú lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, sà."

Ó kọ ọ́ pé: "Ó jáde nílé ní Mọ́ńdè, 5 oṣù Keje 1993." Ó fi ààyè sílẹ̀ níwájú "Ọjọ́ ikú". Ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó gbẹ, ó pa ìwé dé.

Mo fi ìrókò tó ṣẹ́kù kan dúrọ́ọ̀ kékeré kan sábẹ́ tábìlì rédíò, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mi ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá ní kí n mú òun débẹ̀. Ó pẹ́ ká tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta yẹn, orúnkún ń dùn ún. Kò wo àwòrán kankan lára ògiri. Bàbá ṣí dúrọ́ọ̀, ó ṣí ojú ewé náà fún un. Ìyá kò mọ̀wé púpọ̀, nítorí náà ó ní kí n tọ́ka ibi tí orúkọ wà. Mo tọ́ka rẹ̀. Ó fi ìka tó ti dúdú nítorí aró lé e, ó fà á lọ lórí ìlà náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tó ṣófo, ó sì fi ìka náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá lọ gbé àga wá fún un.